Ẹ Dá Odò Alákàn Padà

Lídíìsì, ìlú òyìnbó
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, 1976

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú bírò. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrí ara ẹni. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Bàbá Ṣítù òdìkejì odò ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń gbé bẹ́ǹṣì wọn sọdá wá sẹ́yìnkùlé wa lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ẹ jọ máa bú àwọn sọ́jà ní ohùn jẹ́jẹ́? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ kí Saidat ọmọ wọn pẹ̀lú, ẹ ní mi ò tíì gbàgbé pé ó jẹ mí ní alákàn mẹ́rin láti kékeré.

Iṣẹ́ taìpù ni mo ṣì ń ṣe, ní ọ́fíìsì odò. Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, bàbá mi. Níbí, odò ní ọ́fíìsì. Àwọn àgbẹ̀ tí odò gba orí ilẹ̀ wọn kọjá ló ń wá bá wa. Màlúù wọn ti tẹ etídò fọ́, wọ́n ti gé igi ibẹ̀ tán, omi ti di ẹrẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún odò, kí wọ́n ṣọgbà sí i, kí wọ́n gbin igi, òun á sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Á fún wọn ní igi, á fún wọn ní owó ọgbà, á rán òṣìṣẹ́ sí wọn. Bàbá arúgbó kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdọ̀tí wà lábẹ́ gbogbo èékánná rẹ̀. Ó ní ẹja ti padà sínú odò òun. Ó fi apá wọn bí ẹja náà ṣe tó fún mi, títí dé ìgúnpá. Mo taìpù àṣìtaìpù mẹ́ta nítorí pé odò Alákàn ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ń rò.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé rèé. Ẹ rántí Evelyn tí a jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Yábàá? Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Sábó báyìí. Ó ní wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ìrànwọ́ yìí fún àwọn onílẹ̀ tí odò wà lẹ́yìnkùlé wọn, láti Muṣin títí dé Súrùlérè. Mo ti ní kó kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ọ̀kan lọ: ẹ dá odò Alákàn padà. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ dá a padà kí omi lè yé wọlé bá yín, kí ọkàn yín náà lè balẹ̀. Bàbá Ṣítù gan-an á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Yàrá tí ẹ ń kọ́ fún mi ńkọ́? Ibo lẹ bá a dé?

Èmi ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Fàósátù


Muṣin
Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, 1976

Fàósátù,

Àlàáfíà fún ọ. Ìkíni tó kù, wá gbà á lọ́jọ́ tí o bá dáhùn ìbéèrè mi.

Ta ló sọ fún ọ?

Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. "Ẹ dá odò padà. Ó ti pẹ́ jù." Háà! Ìwọ ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn lójú gbogbo Muṣin nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn, tí àwọn ọkùnrin fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ lo jókòó sí ìlú òyìnbó tí ò ń pàṣẹ fún mi pé kí n dá odò padà, kí ọkàn mi lè balẹ̀! Ta ló sọ fún ọ pé ọkàn mi kò balẹ̀? Ṣé ìyá rẹ ló sọ ọ́ fún ọ kó tó kú? Bó bá jẹ́ òun ni, kí Ọlọ́run foríjì í, nítorí ó búra fún mi.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé ọ. Odò ni ààlà. Bàbá mi àti bàbá tó bí Ṣítù ló sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa: ibi tí odò bá gbà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ tiwa parí sí, ibẹ̀ sì ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin yẹn. Kò sí ohun tí mo fẹ́ dá padà fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé rẹ bá mi nígbà tí omi wà ní pálọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ilẹ̀ tútù tí èmi ń tẹ̀ ti dé orúnkún, gbogbo bàtà mi ló wà lórí àpótí. Mi ò rí ẹni bá mi gbọ́n omi, ọmọ tí mo bí sì ń rán òfin sí mi láti òkè òkun.

Má kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́. Ṣítù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n Saidat mọ̀wé, òun ló sì ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọlọ́pọ́ọ̀sì fún ilé méjèèjì.

Bàbá rẹ,
Sàlíhù

Ẹsẹ̀ mi sàn.


Lídíìsì
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, 1976

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bó bá jẹ́ ohun tí yóò tù yín nínú nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ló wà lórí fọ́ọ̀mù wa níbí, gbogbo ọjọ́ ni mò ń taìpù rẹ̀. Mo wá Yorùbá fún un, "dá padà" ló wá sí mi lẹ́nu. Kí odò padà sí bó ṣe wà nígbà tí a wà lọ́mọdé ni mo ní lọ́kàn. Kí omi rẹ̀ mọ́, kí igi wà létí rẹ̀, kí àwọn èèyàn yé da pàǹtí sí i. Mi ò ní kí ẹ dá a padà fún ẹnì kankan. Ta ló ni í tẹ́lẹ̀ tí a ó dá a padà fún? Àṣìlò ọ̀rọ̀ ni. Ọdún mẹ́fà tí mi ò sí nílé ti ń bà mí lẹ́nu jẹ́.

Ṣùgbọ́n bàbá mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Kí ni ìyá mi búra sí? Wọn kò sọ ohunkóhun fún mi. Ọjọ́ tí mò ń lọ, wọ́n bá mi dé pápákọ̀ òfurufú, ohun tí wọ́n sọ kò ju pé kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀.

Òjò ti kọ̀ níbí o. Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Ìlú òyìnbó ń gbẹ, koríko ti pọ́n, odò mìíràn ti di ojú ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ wá ń dúró ní ọ́fíìsì wa bí ẹni pé àwa la ti òjò pa. Ẹ̀yin ń gbọ́n omi, àwa ń wá a kiri.

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Fàósátù yín


Muṣin
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ, 1976

Fàósátù ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà, ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé. Kú òtútù, kú ọ̀dá, kú iṣẹ́, kú àárẹ̀. Ṣítù kí ọ, Saidat kí ọ, ó ní alákàn márùn-ún ni òun jẹ, pé o kò mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀rọ̀ ìjọ́sí, gbàgbé ẹ̀. Ara ló ń ro mí. Ohun tí ìyá rẹ búra sí ni pé kò ní sọ ọjọ́ orí mi fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo gé ọdún méjì kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo ń wáṣẹ́ ní réluwéè. Ó tán.

Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì Evelyn. Ọláníyì lorúkọ rẹ̀, ọmọlúàbí ni, ó wọ bọ́ọ̀tù rọ́bà tó dé itan. Ó fi okùn wọn odò láti orí afárá títí dé ẹ̀yìn mọ́sálásí. Ó ní ìjọba á kó òṣìṣẹ́ wá, á kó pàǹtí, á gbin ọparun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí etídò má baà máa wó. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun méjì ló ń fẹ́. Àkọ́kọ́, kí àwọn onílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jọ fọwọ́ sí ìwé kan. Ìkejì, kí a kọ ojú ibi tí odò ń gbà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ sínú ìwé náà, nítorí wọ́n fẹ́ kó padà síbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ilé mi, ó wo omi, ó wo ilé. Ó ní, "Bàbá, odò yìí kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ẹnì kan ti tì í. Ọ̀nà rẹ̀ ló ń wá, ló ṣe ń wọlé bá yín."

Ṣítù rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní, "Sàlíhù, o gbọ́? Ta ló lè ti odò?" Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, Ṣítù ti ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà. Mo ní wọn ò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé, ìwọ lo sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí o bá kọ ni mo fọwọ́ sí." Ìwé náà wà lábẹ́ rédíò mi báyìí. Òfìfo ni, àtàǹpàkò Ṣítù nìkan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mi ò ní kọ ọ́. Odò ti wà níbi tó wà láti ọjọ́ pípẹ́, kó máa wà níbẹ̀. Ọparun máa ń kó ejò wá.

Gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Yàrá rẹ ti parí. Ẹ̀yìn ilé ló wà, ó kọjú sí odò, atẹ́gùn ń wọ̀ ọ́ dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, igi ìrókò, mo kùn ún ní búlúù. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe kápẹ́ńtà ní réluwéè, mi ò kan irú rẹ̀ rí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló wà nínú ìwé yìí, mo wé e ní bébà mẹ́ta kí àwọn ọlọ́pọ́ọ̀sì má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Ìwọ nìkan ló ni í.

Bàbá rẹ tó ń retí rẹ,
Sàlíhù


Lídíìsì
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1976

Bàbá mi,

Kọ́kọ́rọ́ dé. Mo fi okùn sí i, ọrùn mi ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo sunkún o, mi ò ní purọ́. Gbogbo ohun tí mo ti tì àti ohun tí mo ti ṣí níbí, ti ẹlòmíràn ni.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ní ọ́fíìsì odò parí ní òpin oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀. Wọn ò ní gbà mí sí i. Obìnrin tó ni ilé tí mo ń gbé náà ti ní kí n jáde lóṣù kan náà, ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀. Mo ti wá ilé kiri, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní ẹnì kan ti gbà á. Nítorí náà mò ń bọ̀ wálé. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta ni ọkọ̀ òfurufú mi. Yàrá onílẹ̀kùn búlúù ni mo ń bọ̀ sí, kò sí ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n yàrá tí omi ń wọ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbé, bàbá mi. Mo bínú sí yín lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí. Àwọn àgbẹ̀ ibí ń tò sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè rí irú ìrànwọ́ yìí. Ẹ̀yin, wọ́n gbé e wá bá yín nílé, ẹ tì í sábẹ́ rédíò! Ejò wo? Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ejò? Kí ló le nínú kí ẹ kọ ibi tí odò gbà tẹ́lẹ̀? Ẹ̀yin lẹ dàgbà létí rẹ̀.

Ẹ má bínú, mo ti kọ̀wé sí Evelyn pé kó lọ bá Bàbá Ṣítù, kí wọ́n bá mi bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ẹ kì í kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu.

Fàósátù


Lídíìsì
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, 1976

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ rèé. Mo gbọ́ lórí rédíò pé òjò pọ̀ l'Ékòó. Ṣé ẹ wà láàyè? Bẹ́ ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú ránṣẹ́, màá kà á. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń pa mí.

Fàósátù


Muṣin
Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá, 1976

Fàósátù,

Mo wà láàyè. Ìbínú kọ́.

Òjò oṣù kẹwàá ló ṣe é. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi rọ̀. Odò Alákàn wọ ilé mi láti ẹ̀yìn, ó gba iwájú jáde, bí àlejò tó mọ ilé. Ṣùgbọ́n ní ti Ṣítù, ògiri yàrá rẹ̀ ló kó lọ. Ọlọ́run ló yọ ọ́, òun àti Saidat wà ní mọ́sálásí. Nígbà tí wọ́n dé, ibùsùn rẹ̀ wà nínú odò, ó ń lọ.

Saidat lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ṣítù kò rí ibi lọ. Mo ní kó wá. Yàrá wo ló ṣófo nílé mi? Tìrẹ ni. Omi ti fà níbẹ̀, mo gbọ́n ẹrẹ̀ rẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí i. Láti oṣù kẹwàá, ibẹ̀ ni Ṣítù ń sùn. Gbogbo àárọ̀, bó bá kírun tán, á wá kan ilẹ̀kùn mi: "Sàlíhù, mo dúpẹ́ o. Ta ló ń ṣe irú èyí fún ọmọlàkejì?" Gbogbo àárọ̀, Fàósátù! O kọ ọ́ nínú ìwé rẹ àkọ́kọ́ pé Ṣítù á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń dúpẹ́. Mi ò lè jẹun.

Evelyn ti wá bá Ṣítù sọ̀rọ̀. Ṣítù wá ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé kí n kọ ìwé yẹn. Ọláníyì náà wá, ó ní òpin oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa ti orúkọ pa. Lánàá, Ṣítù ń gbọ́ rédíò, ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a." Ìjọba ló ń bá wí o. Mo gbé àwo ìrẹsì mi sílẹ̀.

Èmi ni mo ti odò.

Ọdún 1951 ni, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé mi nígbà náà kò gbà ju àgò adìẹ lọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Ṣítù àti gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ sìnkú ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Omi kò ju kókósẹ̀ lọ. Mo ń ti ọmọlanke láti ibi iṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta, eérú ẹ́ńjìnnì àti àfọ́kù irin ló kún inú rẹ̀. Mo ń dà á sí ojú odò gan-an, títí odò fi yà kúrò lọ́dọ̀ wa, tó gba ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Odò ni ààlà, àbí? Mo gbé ààlà. Mo hú pẹ̀rẹ̀gún tí bàbá mi àti bàbá rẹ̀ jọ gbìn létí omi, mo lọ rì í sí etí tuntun. Pẹ̀rẹ̀gún kì í kú. Ìyá rẹ rí mi. Ó ní, "Bàbá Fàósátù, Ọlọ́run ń wò yín." Mo mú un búra.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ní òjò ńlá kan rọ̀ lẹ́yìn wọn, òun ló gbé odò. Òjò, nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Ṣítù gbà á gbọ́ nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Lọ́dún kẹta, odò jẹ etí ilẹ̀ wọn, ó sì wó igi àgbọn tí wọ́n gbìn síbi tí wọ́n sin ìwọ́ Ṣítù sí nígbà tí wọ́n bí i. Ọkùnrin gìrìpá jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo jókòó tì í, mo ń ṣìpẹ̀ fún un.

Yàrá rẹ, orí ojú odò àtijọ́ ni mo kọ́ ọ sí. Bí mo bá kọ òótọ́ síbẹ̀, wọ́n á wó o. Bí mo bá kọ irọ́ síbẹ̀, àtàǹpàkò Ṣítù ló máa wà lábẹ́ irọ́ náà. Bí mi ò bá kọ nǹkan kan, òjò ọdún tó ń bọ̀ á kó ilé rẹ̀ tó kù. Mo ti yí i síhìn-ín, mo ti yí i sọ́hùn-ún. Mi ò rí ọ̀nà àbáyọ.

Ìwọ ni mo sọ fún nítorí pé mi ò lè sọ fún un.

Sàlíhù


Lídíìsì
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní, 1977

Bàbá mi,

Ìdúró ni mo ka ìwé yín, títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Mi ò kí yín, ẹ foríjì mí, ìkíni kò wá.

Mo bínú sí yín. Bàbá Ṣítù ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń mú alákàn láti ẹ̀yìn kó má baà gé ni lọ́wọ́. Wọ́n á fọwọ́ gbá omi, wọ́n á ní, "Fàó, rọra, odò ń gbọ́." Mo jókòó, mo ń rántí gbogbo ẹ̀, inú ń bí mi.

Mo jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó kọ èyí tó kù. Bàbá mi, ẹ má sọ fún wọn. Èmi ni mo ní kí ẹ dá odò padà, èmi náà ni mo ń bẹ̀ yín báyìí pé kí ẹ má dá a padà. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ẹ ò rántí. Ẹ ti di àgbà, ta ló máa bá yín jiyàn? Èmi ń taìpù irú rẹ̀ níbí, mo mọ̀: bí àgbẹ̀ bá ní òun ò rántí, wọ́n á fi odò sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá a, wọ́n á kàn gbin igi síbẹ̀. Ìrànwọ́ á wá, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Kí ni òótọ́ fẹ́ ṣe fún Bàbá Ṣítù lọ́jọ́ ogbó? Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ṣé ẹ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn?

Irọ́ ni mò ń pa. Tèmi ni mò ń wí. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta, màá kó ẹrù jáde nínú yàrá tí mo wà yìí. Bí wọ́n bá wó yàrá yẹn, ibo ni mò ń kó o lọ? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ti taìpù orúkọ odò tó tó ọgọ́rùn-ún, kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi yìí nìkan ni mo ní.

Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Mo kọ ọ́ ná.

Fàósátù


Muṣin
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, 1977

Fàósátù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Túsìdeè kan. Mo ti sọ fún Ṣítù ní Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ká ní ó yá díẹ̀ sí i, bóyá ǹ bá ti gbà sí ọ lẹ́nu. Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ gbà sí ọ lẹ́nu.

A ti Jímọ̀ dé ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, ó ń gé èékánná. Mo mú ìwé náà jáde lábẹ́ rédíò, mo kọ ọ́ lójú rẹ̀, mo wá ka ohun tí mo kọ sí i létí: odò ń gba abẹ́ yàrá ẹ̀yìn ilé Sàlíhù kọjá, Sàlíhù ló dí i. Mo ní, "Ṣítù, èmi ni." Ó ń wò mí. Ó ní, "Òjò ẹ̀ẹ̀rùn ìjọ́sí yẹn ńkọ́?" Mo ní kò sí òjò kankan. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí àgbọn mi wó, ṣebí ìwọ lo jókòó tì mí?" Mo ní èmi ni.

Ó wọlé, ó ká ẹní rẹ̀. Ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ lé èjìká, ó sọdá. Kò bú mi. Bó bá bú mi ni, ǹ bá mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Mo ti rán ìmáàmù sí i. Mo ti rán Saidat. Mo ti lọ fúnra mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ mi nínú ẹrẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó wá ṣiṣẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló lọ wo àjọ̀dún Fẹ́sítáàkì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n dé. Ìrànwọ́ náà kì í ṣe irọ́, wọ́n kó ọparun wá, wọ́n kó pàǹtí tó kún ọkọ̀ akóyọyọ mọ́kànlá. Mo bi Ọláníyì bóyá wọ́n á ràn mí lọ́wọ́ tún yàrá mìíràn kọ́. Ó ní ti odò ni ìrànwọ́, kì í ṣe ti ilé. Mo ní ó dáa.

Wọ́n wó yàrá rẹ lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Èmi náà mú ṣọ́bìrì, mi ò lè jókòó máa wò ó. Lábẹ́ ilẹ̀ yàrá, a bá eérú mi, ó dúdú bí ọjọ́ tí mo dà á síbẹ̀. Nígbà tí a kó o kúrò, omi kò dúró gbàṣẹ. Ó yí orí padà, ó gba ibẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ibi tí mo rò pé orí ibùsùn rẹ máa wà gan-an.

Ṣítù jáde wá sí etí tirẹ̀. Ó kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi." Èmi ló kàn. Mo ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Ó fò mí, ó kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ààlà ti padà síbi tí àwọn bàbá wa fi í sí, Ṣítù wà lódìkejì, mo wà níhìn-ín. Lẹ́yìn Àsárì, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, á kẹ̀yìn sí mi. Ohùn rédíò rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mi.

Bọ̀ wálé, Fàósátù. N ó wà ní pápákọ̀ òfurufú lọ́gbọ̀njọ́. Yàrá mi ni wàá máa sùn, èmi á máa sùn ní pálọ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn. Bí o bá bínú, o jàre. Dé ná, ká jọ wà nínú ẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ bi mí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀kùn búlúù náà ṣe. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Ó fara ti ògiri pálọ̀, kò sí ibì kan tó ṣí sí. Mo ti dá èyí tó yẹ kí n dá padà. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn rẹ, má dá a padà.

Bàbá rẹ,
Sàlíhù